Bí mo ṣe gba orí ẹ́ńjìnnì Morris bàbá mi là

"Àbúrò, ọkọ̀ yìí ń jẹ ara rẹ̀." Ohun tí ẹ̀gbọ́n tó ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe ní Wàǹdó sọ nìyẹn, nígbà tó ṣe tápẹ́ẹ̀tì Morris Minor mi, ìyẹn àlàfo orí àwọn fáàfù, lẹ́ẹ̀kẹta láàárín oṣù mẹ́rin.

Ìbàdàn ni bàbá mi ti ra ọkọ̀ náà, ó wà á gba Ìdírókò wọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ní gbogbo ìgbà tí òun ń wà á, òjé wà nínú epo. Ará Amẹ́ríkà kan, Thomas Midgley, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló rí i lọ́dún 1921 pé bí a bá po òjé mọ́ epo, ẹ́ńjìnnì kò ní máa kan gbàgbàgbà mọ́. Àǹfààní kejì ni pé òjé yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí fáàfù, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó ń pa dé nínú orí ẹ́ńjìnnì, ń jókòó sí, bí ẹní tí a tẹ́ sórí àga. Torí ẹ̀, àwọn tó ṣe Morris kò fi irin líle síbẹ̀ rárá. Wọ́n kàn gbẹ́ ìjókòó náà sára irin orí ẹ́ńjìnnì, tó rọ̀.

Àwọn àgbà ní a ti fi òjé bọ olóòjé lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Ti inú epo ṣe é bọ́ ṣá. Ní Dakar ní oṣù kẹfà ọdún 2001 ni àwọn orílẹ̀-èdè ìhà tiwa ti fohùn sí i pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, nígbà tí ọdún 2006 sì fi wọlé, ìhà tiwa ní Áfíríkà ti jáwọ́ nínú ẹ̀. Àlùjíríà ló kẹ́yìn lágbàáyé, lọ́dún 2021. N ò bínú. Òjé yẹn ń wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé, ó sì ń ba ọpọlọ wọn jẹ́, etí títì lèmi náà sì ti ń tọ́ ọmọ.

Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé kpayo, epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń tà létí títì, ló ń ba ọkọ̀ mi jẹ́. Mo gbà wọ́n gbọ́, mo fi oṣù méjì ra epo nílé epo gidi, owó mi ló kàn ń lọ. Ohun tó là mí lójú ni féélà, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo. Àlàfo 0.30 mm ló yẹ kó wà lórí fáàfù kọ̀ọ̀kan. Nínú fáàfù mẹ́jọ, kìkì 1, 4, 5 àti 8 ni àlàfo wọn ń dí, àwọn mẹ́rin yẹn ló sì ń gbé èéfín jáde. Àwọn tó ń gba epo wọlé kò yí padà. Epo burúkú ha lè máa ṣa fáàfù jẹ bí? Fáàfù èéfín ló ń gbóná jù. Bí òjé kò bá sí láàárín, irin méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra wẹ́rẹ́, bí fáàfù bá sì ṣí, á já díẹ̀ lára ìjókòó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rì wọ inú irin, títí kò fi ní lè pa dé mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi tó ní Peugeot 404 fi mí ṣẹ̀sín dáadáa. Alumí ni orí ẹ́ńjìnnì tiẹ̀, òrùka irin ti wà nídìí fáàfù rẹ̀ láti ilé iṣẹ́.

Mo da omi inú ẹ̀ sílẹ̀, mo tú nọ́ọ̀tì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, mo gbé orí rẹ̀ kúrò. Mo fi èékánná tọ ìdí fáàfù 5: ó ti di kòtò, etí fáàfù fúnra rẹ̀ sì rí bí ibi tí eku gé jẹ.

Ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ gbẹ́ ihò, wọ́n fi òrùka sí i, wọ́n gbowó. Lójú ọ̀nà Àjàrá, ọ̀kan yọ. Mo gbọ́ ìró rẹ̀, mo pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ì bá ba písítìnì jẹ́. Òrùka tó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ kò ní dúró.

Ẹ̀gbọ́n ní ká fún un mọ́ra. Ó bá mi rí òrùka líle ní ọjà Ládipọ̀ l'Ékòó, a ní kí ẹni tó ń gé irin ṣe é kó fi bíńtín tóbi ju ihò lọ. Mo fi náílọ́ọ̀nù di wọ́n, mo sì kó wọn sí firísà ìyàwó mi mọ́jú, láàárín ẹja, kí òtútù lè mú wọn sún kì. Lówùúrọ̀, a gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ sí ààrò ìyá oníbúrẹ́dì, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó búrẹ́dì wọn jáde, kí ooru lè mú ihò fẹ̀. Nígbà tí omi tí mo ta sí i lára fò ṣàì, Ẹ̀gbọ́n gbé òrùka lé ihò, ó fi òòlù àti idẹ kàn án lẹ́ẹ̀kan. Ó wọlé bí ẹni wọ yàrá. A kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan lọ kó tó le. Òrùka kẹta fẹ́ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ni Ẹ̀gbọ́n bá bú mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo fi òróró oníyanrìn lọ fáàfù tuntun títí ìlà eérú kan fi yí i po, mo dè é padà, mo ṣe tápẹ́ẹ̀tì. Mẹ́sàn-án ni kí nọ́ńbà fáàfù méjèèjì máa jẹ́ tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀ fún Morris: bí 8 bá ṣí tán, 1 lẹ máa ṣe, bí 6 bá ṣí, 3 ni.

Ó ti di oṣù karùn-ún. Mo wọ̀n ọ́n lánàá: 0.30 lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyàwó mi nìkan ni inú rẹ̀ kò tíì dùn, ó ní ẹja ọjọ́ náà ń rùn gírísì.