Kí Kúbùsù Máa Yọ̀ Lọ Lábẹ́ Abẹ́rẹ́: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Fi Ẹ̀rọ Rán Aṣọ Onípele Mẹ́ta Nílé

Ẹni tó bá ti fi ẹ̀rọ ilé rán kúbùsù onípele mẹ́ta rí, Áńkárá lókè, fáíbà láàárín, pópílìnnì nísàlẹ̀, á mọ ibi tí iṣẹ́ ti ń di ìjàkadì. Ẹsẹ̀ ń tẹ̀, wíìlì ń yí, abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò, àmọ́ aṣọ ò kúrò lójú kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe nígbà náà ni pé ká di aṣọ mú láti ẹ̀yìn, ká fà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fà á.

Bí ẹ bá fa aṣọ nígbà tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ náà lẹ ń tẹ̀ wọ́. Bó bá tún ń sọ̀ kalẹ̀, kò ní bọ́ sínú ihò irin pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀ mọ́. Irin gan-an ló máa gún. Bí kò bá kán, ẹnu rẹ̀ á kú, etí ihò náà á sì di gbágungbàgun. Láti ọjọ́ náà ni á ti máa já òwú, tí á sì máa há aṣọ mọ́lẹ̀. Ẹ mú kọ́tìnì wúùlù díẹ̀, ẹ fi nu ẹnu ihò yẹn. Ibi tó bá ti kọ́ ọ, ibẹ̀ ló ti fara pa. Ẹ lè fi sáńpépà tó kúnná jù lọ rọra ra á. Bó bá ti jìn jù, ẹ pààrọ̀ irin náà.

Ìwúwo ni olórí ọ̀tá

Ẹ jẹ́ ká wo kúbùsù ibùsùn tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 6. Áńkárá kì í sábà fẹ̀ ju nǹkan bí íńṣì 45 lọ, nítorí náà ẹ ó so ìbú méjì pọ̀, kọ̀ọ̀kan gùn ní yáàdì méjì àbọ̀. Yáàdì 5 ti lọ nìyẹn nínú yáàdì 6 tí ẹ rà. Ẹ fi iye kan náà kún un fún ìsàlẹ̀, ẹ wá ka fáíbà mọ́ ọn. Bí ìdajì ẹrù yìí bá ń rọ̀ dirodiro sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, eyín kéékèèké tó ń ti aṣọ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, irin kékeré tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, ni ẹ ní kó fà á. Agbára rẹ̀ ò ká a.

Ẹ gbé tábìlì kejì sí apá òsì yín, kí gíga àwọn méjèèjì dọ́gba. Tábìlì tí a fi ń lọ aṣọ náà á ṣe é. Ẹ ti ẹ̀rọ mọ́ ògiri kí kúbùsù má lè já sílẹ̀ lẹ́yìn. Apá tó wà níwájú yín, ẹ ká a lé èjìká òsì bí àgbà ṣe ń ká agbádá, ẹ wá máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó máa gba abẹ́ apá ẹ̀rọ kọjá, ẹ ká a bí ẹní, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìránṣọ láti àárín lọ sí etí, kí èyí tí ẹ ká lè máa kéré sí i bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè, ẹ fi ìka méjì ti kúbùsù síwá sẹ́yìn. Bí kò bá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó há síbì kan, ẹ wá a rí. Bí ẹ bá rán ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ dúró, kí abẹ́rẹ́ wà nínú aṣọ, ẹ tún un tò. Ìdúró yìí kì í fi àkókò ṣòfò. Òun ló ń gbà yín lọ́wọ́ títú.

Tábìlì àti ohun tí a fi ń pa á

Orí ẹ̀rọ dúdú àtijọ́, Singer tàbí Butterfly, tó rì sínú tábìlì onígi, dára fún iṣẹ́ yìí ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, nítorí òun àti pákó dọ́gba. Ẹ̀rọ kékeré oníná máa ń ga ju tábìlì lọ, aṣọ á wá máa gun òkè. Ẹ to pákó tàbí fóòmù líle yí i ká títí yóò fi dọ́gba. Ẹ ká rọ́bà ìtẹ́tábìlì kúrò. Ó máa ń di aṣọ mú, pàápàá lásìkò òjò.

Mo ti fi àbẹ́là pa tábìlì rí. Aṣọ yọ̀ lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí mo fi áyọ́ọ̀nù lọ kúbùsù ọmọ tuntun náà, àbàwọ́n yọ lára pópílìnnì funfun bí ẹni pé epo ta sí i. Kò ṣeé gbé fún oníbàárà. Mo ra aṣọ mìíràn, mo tún un rán. Pọ́dà náà ò dára: á wọnú ẹ̀rọ, á pò mọ́ òróró, á di lẹ́ẹ̀. Bébà Teflon tí àwọn tó ń ṣe kéèkì máa ń tẹ́ sínú páànù sàn jù. Ẹ gé ojú ihò tó fẹ̀ ju ibi eyín ẹ̀rọ lọ sí i, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ má baà rán an mọ́ aṣọ.

Sítáàṣì gbà mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ń lò náà ni, àmọ́ tiwa á ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Ẹ fi sára aṣọ ìsàlẹ̀ nìkan kí ẹ tó tò wọ́n, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́. Bí ẹ bá rán an tán, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò. Aáyán àti eku fẹ́ràn rẹ̀.

Kí ìpele má sá fún ara wọn

Àwa Yorùbá ti ń rán ìrépé lé ìrépé tipẹ́. Ẹ wo aṣọ eégún. Ẹ̀rọ ló mú ìṣòro tirẹ̀ wá: eyín ìsàlẹ̀ ń ti pópílìnnì lọ, ẹsẹ̀ òkè ń dá Áńkárá dúró, aṣọ á wá kákò. Ẹ gán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, tàbí kí ẹ fi píìnì oníbọ̀ (safety pin) mú un, kí wọ́n jìnnà síra tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ tú ìdè tó wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ díẹ̀ kó má baà tẹ aṣọ jù. Bí apá yín bá ká a, ẹ ra ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní walking foot. Ó ní eyín tirẹ̀ lókè, ó sì ń gbé ìpele òkè rìn.

Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14, tuntun. 16 bí fáíbà bá nípọn. Kí ojú ìránṣọ gùn tó mìlímítà 3. Òróró máṣíìnì nìkan ni kí ẹ kán sí i, kì í ṣe òróró ẹ̀pà. Fáíbà máa ń wú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá abẹ́ irin náà nígbàkigbà tí ẹ bá pààrọ̀ bọ́bìnì.

Fún ọwọ́, ẹ ra ìbọ̀wọ́ olórọ́bà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ ń wọ̀, èyí tó bá yín mu. Ó ń di aṣọ mú láìjẹ́ pé ẹ fún un pọ̀, òógùn ò sì ní ta sí i.

Kí ẹ tó gbé kúbùsù gan-an sórí ẹ̀rọ, ẹ gé àjákù íńṣì 10 nínú aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ tò wọ́n, ẹ rán ìlà mẹ́ta láì fọwọ́ fà á rárá. Bó bá jáde ní títẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀.