Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: bí mo ṣe ń mú ẹni tuntun wọ inú ìtàn akọni alágbára

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bi mí pé, "Àǹtí, mo fẹ́ máa ka Batman. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Kí n tó dáhùn, ó ti na fóònù sí mi. Àkọsílẹ̀ kan ló wà níbẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ti tẹ̀ jáde láti 1939, ọdún tí Batman kọ́kọ́ yọjú nínú Detective Comics nọ́ńbà 27, ìwé ìtàn aláwòrán tó ń jáde ní nọ́ńbà-nọ́ńbà. Ó ń fi ìka tì í sókè, kò tán. Mo ní kó pa á rẹ́. Èmi náà dán irú ẹ̀ wò rí lórí X-Men, ìtàn àwọn akọni tí wọ́n bí agbára mọ́. Odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi ka ìtàn tí kò dùn mọ́ mi, torí mo rò pé ó di dandan. Kò di dandan rárá. Ọ̀nà kan ò wọjà, àwọn tó ń ṣe ìwé wọ̀nyí náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n ṣe máa ń ṣí ilẹ̀kùn tuntun lóòrèkóòrè, ìyẹn ìtàn tí ẹni tuntun lè gbà wọlé.

Ilẹ̀kùn tí mo ń júwe fún èèyàn báyìí ni Absolute Batman, tí Scott Snyder ń kọ, tí Nick Dragotta ń yà, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2024. Ẹ ò ní láti mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Bruce Wayne tibẹ̀, ẹni tó ń di Batman, kì í ṣe olówó bíi ti àtijọ́: kò ní ilé ńlá, kò ní ìránṣẹ́, ìyá rẹ̀ sì wà láàyè. Ara rẹ̀ fẹ̀ bí ògiri. Ẹ tẹjú mọ́ àmì àdán tó wà láyà rẹ̀: ó ṣeé yọ, orí àáké ni! Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, síbẹ̀ mo pariwo. Wọn ò kàn pààrọ̀ aṣọ fún un. Wọ́n bi ara wọn pé bí a bá gba gbogbo owó ọwọ́ ọkùnrin yìí, kí ló kù tó máa fi jà?

Ultimate Spider-Man tí Jonathan Hickman àti Marco Checchetto gbé jáde ní oṣù kìíní 2024 náà tọ irú ọ̀nà yẹn. Peter Parker, ẹni tó ń di Spider-Man, ti gbé ìyàwó, ó ti bí ọmọ méjì, kí agbára tó dé bá a. Àwọn kan ń ráhùn pé ìjà inú ẹ̀ kéré. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kì í ṣe ìjà ni mo ń wá níbẹ̀.

Bí ìwé bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ ka orúkọ tó wà lára èèpo rẹ̀ kí ẹ tó wo akọni. Akọni kì í ṣe ti ẹnì kan. Òǹkọ̀wé kan á gbà á, òmíràn á tún gbà á, ẹni tó sì wà nídìí ẹ̀ lónìí lè má mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó yà á ni kí ẹ máa tẹ̀ lé. Bó bá jẹ́ ìtàn tó ní orí tó ní ìdí lẹ ń wá, Invincible ni. Robert Kirkman ló kọ nọ́ńbà 144 rẹ̀, láti 2003 títí dé 2018. Cory Walker ló kọ́kọ́ ń yà á, Ryan Ottley gbà á, ó sì ya èyí tó pọ̀ jù. Ó parí tán. Ẹ ò ní rí irú ẹ̀ púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀yin olójú kòkòrò, ẹ ṣọ́ra fún èèpo ìwé. Nọ́ńbà kan ṣoṣo lè jáde pẹ̀lú èèpo bíi márùn-ún, kí ìtàn inú rẹ̀ má yàtọ̀ rárá. Èmi tí mo pe ara mi ní àgbà nídìí ẹ̀, ìkánjú mú kí n ra Absolute Batman nọ́ńbà kìíní lẹ́ẹ̀mejì, mo ṣe bí èkejì ni mo rà. Ìgbà tí mo ṣí i ni mo rí i pé ojú ewé àná ni mò ń kà. Tí ẹ bá ní sùúrù, ẹ dúró de ìdìpọ̀. Nọ́ńbà márùn-ún tàbí mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń kó sínú ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ fíìmù àwòrán ló lè mú mi sọ̀rọ̀ di òwúrọ̀. Ẹ wo Spider-Man: Into the Spider-Verse, ti 2018, èyí tó gba Oscar. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ wò ó. Ẹ̀ẹ̀kíní, ẹ jẹ́ kí ìtàn gbé yín lọ. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ mú rìmóòtù dání, kí ẹ lọ síbi tí Miles, ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ Spider-Man, àti Peter B. Parker, àgbà nídìí iṣẹ́ náà, ti ń ta òwú aláǹtakùn, tí wọ́n ń fò láti igi dé igi nínú igbó. Ẹ dá a dúró níbẹ̀, kí ẹ máa sún un níwọ̀n-níwọ̀n. Àwòrán 24 ló ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Peter ń yí ìdúró padà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ti Miles ò rí bẹ́ẹ̀: àwòrán méjì-méjì ló ń pín ìdúró kan, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀méjìlá péré ló ń yí padà. Ìdí nìyẹn tó fi dà bí ẹni tó ń kọsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ti mọ iṣẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá sì wọ̀ ọ́ lára, ìrìn rẹ̀ á máa já gaara. Kò sẹ́ni tó fẹnu sọ ọ́ nínú fíìmù náà. Ojú ló ń sọ ọ́ fún wa.

Èyí tó tẹ̀ lé e, Across the Spider-Verse ti 2023, ẹ wo yàrá Gwen, ọ̀rẹ́ Miles, nígbà tí òun àti bàbá rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀: àwọ̀ ara ògiri ń ṣàn, ó ń yí padà bí inú rẹ̀ ṣe ń yí padà. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó jókòó pé ìtàn ò ní parí. Ìṣẹ́jú 140 ni, ó sì gé síbi tí ọkàn ti ń lù kìkì. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún èmi.

Ti tẹlifíṣọ̀n ò gba àlàyé púpọ̀. X-Men '97, ti 2024, ń bá eré tó parí ní 1997 lọ. Ẹ ò nílò àtijọ́ yẹn kí ẹ tó lóye ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má wo apá karùn-ún lọ́jọ́ tí inú yín ò bá dùn. The Penguin, eré nípa ọ̀tá Batman kan, jẹ́ apá mẹ́jọ, Batman fúnra ẹ̀ ò yọjú, mi ò sì wá a. Invincible náà ti di eré láti 2021. Ẹ má torí pé kàtúùnù ni kí ẹ gbé e fọ́mọdé. Ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀ kọjá sísọ. Ẹ má sì dìde kí apá kìíní tó tán pátápátá.

Èyí tí ò bá dùn mọ́ yín lẹ́yìn nọ́ńbà mẹ́ta, ẹ gbé e jù sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi yín.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fún ní Absolute Batman tí mo ṣèèṣì rà yẹn. Lóru ọjọ́ náà, fóònù mi dún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ: "Àáké!" Kí n tó fèsì, òmíràn tún wọlé: "Àǹtí, nọ́ńbà kejì ńkọ́?"