Bí a ṣe ń gba epo inú efinrin nínú ilé

Ohun tó ń bá kòkòrò àrùn jà jù nínú efinrin, inú òórùn rẹ̀ ló wà. Ẹni tó bá ń sè é láì dé ìkòkò, àjà ilé ló ń tọ́jú.

Ẹ ra efinrin ńlá tútù, ìdì mẹ́ta, ní Ọjà Ọba, Òṣogbo. Ẹ má wọ Igbó Ọ̀ṣun lọ já ewé o: èèwọ̀ ni, àjọ àgbáyé UNESCO sì ti kọ igbó náà mọ́ ohun àjogúnbá ayé láti 2005.

Ẹ fọ ewé, ẹ ya á. Ẹ gbé òkúta mímọ́ sáàárín ìkòkò fífẹ̀, kí ẹ da ewé yí i ká, kí ẹ bu omi bo ewé láì bo òkúta. Ẹ gbé abọ́ òfìfo lé òkúta lórí. Ẹ wá dojú ọmọrí dé ìkòkò, kí ọwọ́ rẹ̀ kọjú sí abọ́, kí ẹ kó yìnyín sẹ́yìn rẹ̀. Iná kékeré ni o. Ooru á kan ọmọrí tútù, á di omi, á máa kán sínú abọ́. Bí yìnyín bá yọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ìkòkò gbẹ.

Ó tó ogójì ìṣẹ́jú, ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kó tutù. Epo díẹ̀ á léfòó lórí omi inú abọ́. Kò ní tó ṣíbí tíì kan. (Ti kànáfùrù, ìsàlẹ̀ ló máa ń rì sí.) Ẹ fi síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́ fà á sínú ìgò dúdú.

Epo efinrin wa sábà máa ń ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní thymol, èyí tó tún wà nínú àwọn oògùn ìfọnu kan. Ọ̀rá wà lára awọ tó bo bakitéríà. Thymol á wọnú ọ̀rá yẹn, awọ á máa jò. Àmọ́ àwọn bakitéríà kan ní awọ kejì lóde, ìyẹn ni wọ́n fi ń le pa.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú rí agbára epo yìí, ẹ fi búrẹ́dì sínú ìgò méjì, kí ẹ lẹ òwú tí ẹ kán epo sí mọ́ abẹ́ ìdérí ọ̀kan. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ wo èyí tó kọ́kọ́ hu irun funfun.

Ẹ má mu epo yìí, ẹ má sì fi pa ọmọ ọwọ́. Ẹ̀kán kan sínú ṣíbí tíì kan àdín àgbọn ti tó fún awọ àgbà. Egbò tó jìn, ilé ìwòsàn ni. Omi olóòórùn tó ṣẹ́kù nínú abọ́, inú fíríìjì ni kó wà: epo inú rẹ̀ kéré débi tí bakitéríà lè hù níbẹ̀, nítorí náà ẹ lò ó tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan.