Bí mo ṣe kó orin inú iPod padà sórí kọ̀ǹpútà

Kọ̀ǹpútà tí ẹ̀gbọ́n mi fi kó orin sínú iPod Classic wọn, ẹ̀rọ kékeré tí Apple ṣe fún gbígbọ́ orin, ti kú pátápátá. Inú iPod nìkan ni orin wọn kù sí, títí kan orin ìbílẹ̀ Èkìtì tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbi ìsìnkú àgbà kan ní Ìkọ́lé. Ìyẹn ò sí lọ́jà.

Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà Windows mi níbí l'Adó. iTunes, ètò Apple tó ń kó orin sínú iPod, béèrè bóyá kó pa orin inú rẹ̀ rẹ́ kó fi tèmi rọ́pò. Mo yáa tẹ Cancel. Mo ṣí i bíi flash, n ò rí orin kankan, síbẹ̀ ó ní àyè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. A jẹ́ pé iPod ló fi àwọn orin náà pamọ́.

Ohun tó ṣiṣẹ́ rèé: nínú File Explorer, mo tẹ View, mo mú Hidden items. Fódà iPod_Control yọ jáde. Inú rẹ̀ ni Music wà, àwọn fódà F00, F01 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sì wà nínú Music. Mo da gbogbo rẹ̀ kọ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún ná o, ẹ ṣáà mọ iná wa.

Orúkọ fáìlì á rí rúdurùdu, lẹ́tà mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ má bẹ̀rù, orúkọ orin àti olórin wà nínú fáìlì fúnra rẹ̀. Ní Preferences iTunes, lábẹ́ Advanced, mo mú "Keep iTunes Media folder organized" àti "Copy files to iTunes Media folder when adding to library", mo wá fa fódà náà sínú iTunes. Orúkọ bọ̀ sípò, àfi èyí tí wọn ò kọ nǹkan kan sí látilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́ ìyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò ní ṣiṣẹ́ fún iPod touch, èyí tó rí bíi fóònù. iPod tí wọ́n bá sì fi Mac, kọ̀ǹpútà Apple, tò, Windows kì í rí i kà.