Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tó ń da owó yín sí ọ̀gbun bí ẹ bá ń gbé áàpù lọ bá ọlọ́jà

Iṣẹ́ mi ni kí n bá àwọn tó ṣe áàpù tàbí ẹ̀rọ tuntun gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́jà n'Íbàdàn. Mo ń kọ èyí nítorí ó ti sú mi láti máa wo owó tó ń ṣòfò. Owó ọ̀hún kì í sábà jẹ́ ti ẹni tó ń ná an nìkan. Nígbà mìíràn bàbá ló ta ilẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀gbọ́n ló fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀ sì ń wọlẹ̀ sí.

Ibẹ̀ kò fara sin. Lọ́dún 1962, ọ̀jọ̀gbọ́n Everett Rogers ní Amẹ́ríkà pín àwọn tó ń gba nǹkan tuntun sọ́nà márùn-ún. Nínú 100 ènìyàn, bíi 2.5 ló máa kọ́kọ́ gbà á, 13.5 á tẹ̀ lé wọn, 34 á wo tibí wo tọ̀hún kí wọ́n tó dá sí i, 34 mìíràn á dúró títí tí kò fi ní sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é mọ́, 16 ni yóò kẹ́yìn. Lọ́dún 1991 ni Geoffrey Moore, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ̀wé lórí títa ọjà, wá tọ́ka sí i pé ọ̀gbun kan wà láàárín 13.5 yẹn àti 34 tó tẹ̀ lé wọn, inú ọ̀gbun náà sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tuntun ń kú sí. Ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ti mọ ìyẹn. Ohun tí ẹ ń ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti mọ̀ ọ́n ló ń bí mi nínú.

1. Ẹ ń ka ìyìn àwọn tó kọ́kọ́ gbà á sí ìyìn ọjà. Àwọn wọ̀nyí, nǹkan tuntun ló wù wọ́n. Bó bá kọ̀ tí kò ṣí, wọ́n á tún un gbìyànjú. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, wọ́n á dúró dè é. Ẹni tó ní ìsọ̀ kò wá nǹkan tuntun, ìyọnu kan ló fẹ́ kó kúrò lọ́rùn òun. Ẹ sọ fún ẹni tó kọ́kọ́ gbà á pé "kò tíì sírú ẹ̀ rí," inú ẹ̀ á dùn. Ẹ sọ ọ́ fún onísọ̀, ohun tó máa gbọ́ ni pé òun lẹ fẹ́ fi dán an wò.

2. Ìpolówó lórí Facebook nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo kò tíì máa lò ó nínú ọjà tí ẹ ń lọ. Ẹ fi owó yẹn sápò.

3. Áàpù elédè Gẹ̀ẹ́sì nìkan fún Ọjà Ọba. Ó yẹ kójú tì wá.

4. Èyí ló ń dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dé ìdí. Ẹ̀rí tí ẹ ń gbé lọ síwájú ọlọ́jà kì í ṣe ẹ̀rí lójú rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe áàpù tí wọ́n á fi máa kọ gbèsè àwìn sílẹ̀. Ó mọṣẹ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Mo mú un lọ bá ìyá kan tó ń ta àǹkárá àti léèsì ní Gbági Tuntun. Màmá fa ìwé kan yọ lábẹ́ àpótí, ìwé gígùn tí etí rẹ̀ ti ká. Orúkọ wà níbẹ̀, iye yáàdì, iye owó, ọjọ́, lápá ọ̀tún sì ni oníbàárà fúnra rẹ̀ ti buwọ́ lù ú. Ẹni tí kò mọ̀wé tẹ ìka. Bó bá san díẹ̀, Màmá á fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sábẹ́, bó bá sì san án tán, á fa igi gbọọrọ kọjá lórí ẹ̀.

Màmá ní, "Ọmọ mi, bí ó bá ní òun ò jẹ mí tó bẹ́ẹ̀, kí ni n ó fi hàn án?"

Ó ní, "Màmá, àkọsílẹ̀ ẹ̀ wà nínú áàpù."

"Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀. Òun dà?" Kó tó dáhùn, Màmá tún bi í pé, "Ta ló ń lò ó lára wa níbí?"

Ó ṣí fóònù, ó fi àwòrán ibi tí wọ́n ti fún un ní àmì ẹ̀yẹ l'Ékòó hàn án. Màmá kí i kú oríire, ó gbàdúrà fún un dáadáa, ó sì dá ìwé padà sábẹ́ àpótí. Bí a ṣe jáde, ọmọkùnrin náà ní Màmá ti gbà. Mo ní kò gbà o, àdúrà ló fi sìn wá jáde. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bí oníbàárà ṣe máa fọwọ́ sí gbèsè náà láti orí fóònù tirẹ̀. Kò ṣe é. Ó rán pólò, ó háyà kánópì àti díjéè sí ẹnu ọ̀nà ọjà. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ru ẹrù jó, onísọ̀ kankan kò fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ wá wò wọ́n, owó sì tán.

Ìbéèrè Màmá yẹn ni ọ̀gbun náà gan-an. Onísọ̀ ò ní gbà títí onísọ̀ bíi tirẹ̀ yóò fi gbà, àwọn bíi tirẹ̀ náà sì ń dúró de ẹlòmíràn. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ pé kí ẹ mú láìnì kan ṣoṣo. Àwọn aláǹkárá láìnì kan, kì í ṣe gbogbo Gbági, ká má tíì sọ gbogbo Ìbàdàn. Ẹ wá ẹni tí wọ́n máa ń fọ̀rọ̀ lọ̀ níbẹ̀. Kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ Ìyálọ́jà, ó lè jẹ́ obìnrin tí gbogbo wọn ń san èsúsú fún. Ẹ yanjú ìyọnu kan fún wọn pátápátá, títí kan èyí tí ẹ rò pé kò kàn yín: fóònù tó kú, ọmọọṣẹ́ tó ń dá ta ọjà, oníbàárà tó ń jiyàn. Bí márùn-ún bá ti ń lò ó ní láìnì kan náà, ẹnì kẹfà á fúnra rẹ̀ béèrè.

Safaricom, ilé iṣẹ́ fóònù ní Kẹ́ńyà, ò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ń dán M-Pesa, ètò owó orí fóònù wọn, wò lọ́dún 2005, sísan owó tí wọ́n yá padà ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n wá rí i pé àwọn ènìyàn ń fi owó ránṣẹ́ síra wọn lórí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní oṣù kẹta ọdún 2007, ohun kan ni wọ́n sọ fún aráyé: fi owó ránṣẹ́ sílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń retí pé àṣẹ ìjọba á ti àwọn ènìyàn sọdá ọ̀gbun náà ńkọ́? Báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà gbé eNaira, náírà orí fóònù, jáde ní 25 oṣù kẹwàá ọdún 2021. Àwọn onímọ̀ IMF, àjọ ìṣúná àgbáyé, ṣàyẹ̀wò rẹ̀ lọ́dún 2023, wọ́n sì rí i pé nínú 100 àpamọ́wọ́ eNaira, ó lé ní 98 tí wọn kì í fọwọ́ kàn lọ́sẹ̀ kan. Nígbà tí owó ìwé ṣàdédé wọ́n lóde níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 yẹn kan náà, ọ̀dọ̀ àwọn oní-POS tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ládùúgbò ni ará ìlú sáré lọ. Bí owó bá há, ó ṣáà rí ẹni tó lè dì mú.

Fóònù kékeré tí kì í gba áàpù ṣì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá lọ́jà. Bí ohun tẹ́ ẹ ṣe bá ń fẹ́ dátà kó tó ṣiṣẹ́, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Ó tún ku àwọn tó ń wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ alájọ. Wọ́n á ní owó ọjọ́ kan tó ń mú lóṣù pọ̀ jù, pé tàwọn ọ̀fẹ́ ni, pé ó tún ń mú èlé wá. Ẹ ò rí ohun tí ọlọ́jà ń fi owó ọjọ́ kan yẹn rà. Alájọ ń wá bá a nídìí ọjà lójoojúmọ́, kò ní láti fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Owó yẹn sì ti kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀ kí ọmọ tàbí ọkọ tó béèrè. Alájọ gan-an ló yẹ kí ẹ ṣe áàpù fún: kó lè ka owó láìṣì í kà, kí oníbàárà rí iye rẹ̀ bí ó bá ti san án, kí àkọsílẹ̀ wà bí òjò bá pa káàdì. Alájọ kan máa ń yípo ọ̀pọ̀ ìsọ̀ lóòjọ́, wọ́n sì ti gbà á gbọ́ kí ẹ tó dé.