Ashes: bí a ṣe ń tẹ̀lé eré ọjọ́ márùndínlọ́gbọ̀n láìfi iṣẹ́ òòjọ́ sílẹ̀

Nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, eré Test (irú èyí tó gùn jù láàárín orílẹ̀-èdè) kan lè gba ọjọ́ márùn-ún, Test márùn-ún sì ni England àti Ọsirélíà fi máa ń du Ashes. Ọjọ́ márùndínlọ́gbọ̀n nìyẹn, bí òjò kò bá bà á jẹ́, tí ikọ̀ kan kò sì tètè fìdí rẹmi. Ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ kò lè jókòó ti gbogbo rẹ̀, kò sì sídìí tó fi yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí kíríkẹ́ẹ̀tì kì í wo gbogbo bọ́ọ̀lù. Wákàtí tí kò yẹ kí ojú kúrò níbẹ̀ ni wọ́n mọ̀.

1. Wádìí ẹni tí Ashes wà lọ́wọ́ rẹ̀

Bí ìdíje bá parí sí ọ̀mì, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ náà ni yóò máa ni ín lọ. Ó ṣẹlẹ̀ ní 2019, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2023: 2–2 nígbà méjèèjì, ọwọ́ Ọsirélíà ni Ashes sì wà. Ikọ̀ tó ní in lọ́wọ́ lè máa gbá kó má ṣáà pàdánù, àmọ́ èkejì gbọ́dọ̀ wá ìṣẹ́gun kiri. Ẹni tí kò mọ èyí, ìpinnu àwọn balógun ikọ̀ ní Test kẹrin àti ìkarùn-ún kò ní yé e.

Ní ti orúkọ náà, eérú ni Ashes túmọ̀ sí. Ọsirélíà fi rọ́ọ̀nù (àmì ayò kíríkẹ́ẹ̀tì) 7 na England ní pápá The Oval ní 1882, ìwé ìròyìn kan sì fi àwọn ará ilé ṣẹ̀sín pé kíríkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kú, pé wọn yóò sun òkú rẹ̀, wọn yóò sì kó eérú rẹ̀ lọ sí Ọsirélíà. Ìkòkò kékeré tí àwọn orogún méjì yìí ń jà lé lórí kò ga ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11 lọ. Lord's, pápá kíríkẹ́ẹ̀tì kan ní London, ló sì ń gbé, ẹni yòówù kó borí.

2. To aago rẹ, kí o sì ṣọ́ra fún ọjọ́

Ní England, aago 11 òwúrọ̀ ni eré sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn aago 10 GMT ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ìpín mẹ́ta ló wà lójúmọ́, wákàtí méjì-méjì: oúnjẹ ọ̀sán gba ìṣẹ́jú 40 láàárín ìpín kìíní àti èkejì, tíì gba ìṣẹ́jú 20 kí ìpín kẹta tó bẹ̀rẹ̀. Ófà 90 ló yẹ kí wọ́n jù, bọ́ọ̀lù mẹ́fà nínú ófà kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í sábà bá a, ìdí nìyẹn tí àyè fi wà fún ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn aago 6. Ọ̀pọ̀ ń pa tẹlifíṣọ̀n ní aago 6 gérégé, wọ́n sì ń pàdánù ófà tó gbóná jù lọ́jọ́ náà.

Ọsirélíà ló ń da orí ènìyàn rú. Aago 10 òwúrọ̀ ní Brisbane jẹ́ aago 12 òru GMT. Aago 10:30 òwúrọ̀ ní Melbourne jẹ́ 11:30 alẹ́ GMT, ti ọjọ́ tó ṣáájú. Nítorí náà, Test Melbourne tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá níbẹ̀, alẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì gan-an ló ń bọ́ sí nínú GMT. Perth fi wákàtí mẹ́ta wà lẹ́yìn Sydney nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ti Test tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù píǹkì gbá lábẹ́ iná, ọ̀sán ló ń bẹ̀rẹ̀, yẹ aago rẹ̀ wò lọ́tọ̀.

3. Kọ́ bí a ṣe ń ka àmì

England máa ń kọ rọ́ọ̀nù ṣáájú: 250/3 ni pé wọ́n ti ní rọ́ọ̀nù 250, wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sì ti lọ, ìyẹn ni pé alubọ́ọ̀lù mẹ́ta ti jáde. Ọsirélíà ń yí i padà: 3/250. Ohun kan náà ni. Ti ajubọ́ọ̀lù jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin, bíi 20-5-60-3: ófà tó jù, ófà tí ẹnikẹ́ni kò rí rọ́ọ̀nù kankan nínú rẹ̀, rọ́ọ̀nù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àti wíkẹ́ẹ̀tì tó gbà.

4. Tẹ̀lé ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù

Ibí ni iṣẹ́ wà. Bọ́ọ̀lù tuntun le, ó ń dán, okùn tí wọ́n fi rán an sì ga. Ó máa ń yà nínú afẹ́fẹ́, ó tún ń yà bó bá kan ilẹ̀. Wákàtí àkọ́kọ́ innings (ìgbà tí ikọ̀ kan ń lu bọ́ọ̀lù) kọ̀ọ̀kan ni kí o fi sílẹ̀ fún wíwò.

Lẹ́yìn náà, ó kù síbi tí wọ́n ti ń gbá. Dukes ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń lò ní England, ọwọ́ ni wọ́n fi rán an, okùn rẹ̀ sì máa ń dúró pẹ́. Bí ìkùukùu bá ṣú, ó lè máa yọ àwọn alubọ́ọ̀lù lẹ́nu títí ọ̀sán. Kookaburra ni ti Ọsirélíà. Okùn tirẹ̀ tètè ń pẹlẹbẹ, ó sì sábà máa ń rọrùn láti lù lẹ́yìn nǹkan bí ófà 25 sí 30. Lọ́hùn-ún, láti ófà 30 sí 75, o lè lọ ṣiṣẹ́ tàbí kí o sùn, kí rédíò máa sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. (Ètò rédíò Test Match Special ti BBC ti wà lórí afẹ́fẹ́ láti 1957, ó sì dára láti máa gbọ́ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́.)

Padà wá ní ófà 75. Lẹ́yìn ófà 80, balógun ikọ̀ tó ń ju bọ́ọ̀lù lè béèrè fún bọ́ọ̀lù tuntun, àwọn tó sì ti ń lu bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ láti àárọ̀ lè ṣubú ní mẹ́ta mẹ́rin. Ófà méjì tó kẹ́yìn ṣáájú ìsinmi náà kò ṣeé fojú fo, torí alubọ́ọ̀lù ń rò pé kí òun ṣáà yè é dé tíì, ajubọ́ọ̀lù sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

5. Má dájọ́ kí ikọ̀ méjèèjì tó lù

Rọ́ọ̀nù 300 lè pọ̀ gan-an, ó sì lè kéré, ilẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ní pápá Headingley ní 2019, gbogbo alubọ́ọ̀lù England jáde tán ní rọ́ọ̀nù 67 péré. Nínú innings kẹrin, tó kẹ́yìn eré, wọ́n ní láti lé 359, Ben Stokes sì lu 135 láìjáde, wọ́n borí nígbà tó ku wíkẹ́ẹ̀tì kan péré. Ní pápá Edgbaston ní 2023 ẹ̀wẹ̀, Stokes fúnra rẹ̀, tó ti di balógun England, ló ní ó tó, tó dá lílù wọn dúró ní 393/8 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọsirélíà fi wíkẹ́ẹ̀tì méjì na wọ́n. Innings kẹrin ni kí o gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ fún, bí o bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo láti gbà.

6. Fi ojú sí ojú ọjọ́

Yẹ ojú ọjọ́ ìlú náà wò láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta. Ní pápá kíríkẹ́ẹ̀tì Old Trafford ní 2023, England ti lu 592, wọ́n sì ti há Ọsirélíà mọ́ igun, òjò gba ọjọ́ karùn-ún mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀mì ni, Ashes sì dúró sọ́wọ́ Ọsirélíà.

7. Kí o tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn

Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan lè pàdánù ìpè-wò (kí wọ́n ní kí a fi àwòrán tún ìpinnu rẹfirí yẹ̀ wò) mẹ́ta nínú innings kan. Bí àwòrán bá fi hàn pé bọ́ọ̀lù náà ì bá kàn rọra fara kan igi ẹ̀yìn alubọ́ọ̀lù, ohun tí rẹfirí sọ tẹ́lẹ̀ ló dúró, ìpè-wò náà kò sì jóná. Nígbà tí Alex Carey ti Ọsirélíà yọ Jonny Bairstow ti England ní Lord's ní 2023, tí ìyẹn jáde kúrò nínú ìlà rẹ̀ torí ó rò pé ófà ti parí, òfin wà lẹ́yìn Carey. Bóyá ó bójú mu ni ìjà tó kù.

Bí o bá fẹ́ sùn kí o wo àkójọ eré láàárọ̀, pa ìfitónilétí fóònù rẹ kí o tó dùbúlẹ̀, kí o sì jìnnà sí ẹgbẹ́ WhatsApp. Ẹnìkan níbẹ̀ kò ní lè pa á mọ́nú.