Ẹ má fi kìlómítà nìkan ṣírò wákàtí bàálù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wọ bàálù lọ ọ̀nà jíjìn, ẹ jọ̀ọ́, ìṣirò yìí ń kó bá èèyàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á wo kìlómítà tó wà láàárín ẹ́apọ́ọ̀tù méjì lórí Google, wọ́n á fi 900 pín in torí wọ́n ti gbọ́ pé bàálù ńlá máa ń sá tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. New York sí London tó nǹkan bíi 5,500 kìlómítà, tẹ́ ẹ bá pín in wákàtí 6 àti díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 7 ni wọ́n máa kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì, torí látìgbà tí bàálù bá ti kúrò lẹ́nu géètì ni wọ́n ti ń kà á, títí kan bó ṣe ń yí nílẹ̀ àti bó ṣe ń tò kó tó gbéra. Tẹ́ ẹ bá wá ń padà, ọ̀nà kan náà, ó lè tó 8. Atẹ́gùn líle kan wà lókè lọ́hùn-ún tí wọ́n ń pè ní jet stream, ìlà-oòrùn ló ń fẹ́ lọ, ó ń ti ẹni tó ń lọ London lẹ́yìn, ó sì ń kọlu ẹni tó ń bọ̀.

Ẹ má sì fi rúlà fa ìlà lórí máàpù. Ayé rí roboto, ọ̀nà tó kúrú jù láti New York sí Tokyo, apá Alaska tó wà níhà àríwá ló gbà. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kí bàálù gba ọ̀nà tó kúrú: látìgbà tí Rọ́ṣíà ti ti òfuurufú ẹ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ́dún 2022, Helsinki ní Finland sí Tokyo tó jẹ́ wákàtí 9 àti ààbọ̀ tẹ́lẹ̀ ti di bíi 13.

Èyí tó dùn mí jù ni ti déètì. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ lọ Sydney láti Los Angeles, èmi ni mo bá a gba yàrá sí hòtẹ́ẹ̀lì. Mo ní aago 10:30 alẹ́ Mọ́ńdè ló ń gbéra, wákàtí 15, á jẹ́ pé Túsìdè ló máa balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ aago 6:30 àárọ̀ Wẹ́sìdè ló dé, torí Sydney fi wákàtí 17 ṣáájú nígbà yẹn, ìlà tí déètì ti ń yí sì wà lójú òkun Pasífíìkì tí wọ́n gbà kọjá. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ti fi yàrá ẹ̀ fún ẹlòmíì, owó ò sì padà. Nígbà tí mo tún tíkẹ́ẹ̀tì yẹn wò, "+2" wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago 6:30 yẹn, kékeré báyìí, ìyẹn ni pé ẹ fi ọjọ́ méjì kún déètì ọjọ́ tẹ́ ẹ gbéra. Ẹ máa wá a o.

Tẹ́ ẹ bá sì máa pààrọ̀ bàálù ní London, ẹ ka orúkọ ẹ́apọ́ọ̀tù yẹn dáadáa, torí Heathrow lẹ lè balẹ̀ sí kó jẹ́ Gatwick ni èkejì ti máa gbéra, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn.